Ẹja Mẹ́sàn-án Tó Ń Sá fún Ìmọ́lẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún

Méjì kú. Mo bá wọn lórí omi láàárọ̀ yìí, pupa ara wọn ti ṣí dànù. Kí n tó rí nǹkan fi kó wọn, Dókítà ti wọlé, àwọn aláìsàn mẹ́fà sì ti jókòó. Ó wo gíláàsì ẹja, ó wò mí, ó wá fi ohùn tó máa ń lò níwájú èrò sọ pé, "Káàdì, o tún ti pa méjì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí eyín ti mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì gan-an rẹ́rìn-ín, tòun ti ìrora ara rẹ̀.

Èmi ni mo pa wọ́n. Èmi tí mo ti ń bọ́ wọn láti ọjọ́ tó ti kó wọn dé. Ta ló lọ ra ẹja ńlá méjì sí àárín wọn ní oṣù Kejì, nítorí pé àwọn kéékèèké "kò hàn sí èrò"? Wọ́n gé ìrù wọn jẹ tán kó tó gbà pé kí n kó àwọn ẹhànnà náà jáde. Ta ló ya bébà tí mo lẹ̀ mọ́ gíláàsì pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, tó ní kò bá yàrá òun mu? Àwọn ọmọ aláìsàn ń fi ìka lù ú, ko, ko, ko, láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin. Ẹja tó jẹ́ pé òjìji lásán ń lé e. Bí wọ́n bá ti lù ú báyìí, gbogbo wọn á rọ́ sẹ́yìn òkúta, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọn ò ní jẹun. Ohun tí kò jẹun á kú. Ìyẹn ò gba ìwé ẹ̀rí.

Ogún ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé. Ó ku mẹ́sàn-án.

Bàbá Dókítà ló sọ mí ní Ìyá Káàdì, torí pé mo mọ ibi tí káàdì aláìsàn kọ̀ọ̀kan wà láìwo ìwé. Orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè mí nìyẹn. Ó di ọdún márùn-ún tí bàbá ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ ti gba ilé-ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni "Ìyá" ti já bọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ju ọmọ náà lọ.

Ọmọ mi ló fi ìwé yìí sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílé-ẹ̀kọ́, ojú ewé méjì péré ló kọ nínú rẹ̀. Bí mi ò bá kọ ọ̀rọ̀ yìí síbì kan, ẹnu mi á lọ sọ ọ́ níbi tí kò yẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Dókítà ní tó bá di ìparí oṣù Keje, gíláàsì á kúrò níbẹ̀, òun á gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní àwọn ẹja yìí lè bímọ bí èèyàn bá fún wọn nísinmi.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ìwọ? Èyí tí àwọn tó ń tà á gan-an ò rí mú bí? Ó dáa, mo fún ẹ. Gbogbo wọn. Bó o bá sọ wọ́n di ogún, tẹlifíṣọ̀n ò ní wá mọ́."

Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n má fi òun ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́bọ̀, 8

Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ti di ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Bébà tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń tà á báyìí, bí ẹni ń ta oògùn. Mo ra ẹ̀rọ kan tó ń lo bátìrì àti bébà márùn-ún. Àwọn nǹkan tó kù, mo kọjá lára wọn.

Ó mọ irú ẹja tiwa dáadáa. Tẹ́tírà ló ń pè wọ́n. Ó ní omi ẹ̀rọ le jù fún ẹyin wọn, àfi omi òjò. Kí n ki ewé gbígbẹ bọ̀ ọ́ títí á fi pọ́n bíi tíì. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń pa ẹyin náà, òkùnkùn biribiri ni kí n fi wọ́n sí. Àti pé bí ìyá àti bàbá bá ti yé e tán kí n yára kó wọn kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yíjú padà jẹ ọmọ wọn. Òun náà ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. "A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná," ló wí, bí ẹni pé èmi ni mò ń kánjú.

Òun náà ló ta ẹja ńlá méjì yẹn fún Dókítà. Mo bi í ṣé kò mọ̀ pé wọ́n á jẹ àwọn kéékèèké ni. Ó ní òun mọ̀. Oníbàárà ló ní kí òun tà á.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dé òpin àdúgbò kí n tó rántí pé ó yẹ kí n bú u.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Òjò gidi àkọ́kọ́. Mo gbé ike mẹ́rin sí gbangba, kì í ṣe ìdí páànù, torí pé omi orí páànù ní ìpẹtà nínú. Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé, ó ní ṣé omi ẹ̀rọ wa ò yọ mọ́ ni. Mo ní ó ń yọ. Ó ń wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́ di ti ẹbí.

Ọkọ mi ti ibi tí wọ́n ti ń tẹ táìlì dé, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun fún sìmẹ́ńtì. Ó bá àwọn garawa tó máa ń wà nílé ìwẹ̀ ẹ̀yìn láàárín yàrá. Mo ní mo ti gba ilé ìwẹ̀ náà. Ó ní títí di ìgbà wo. Mo ní títí ẹja yóò fi bímọ.

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà kan, ó gbàgbé èkejì sẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé wọ́n ti lé ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Mo kó mẹ́rin wálé nínú ọ̀rá, mo fi aṣọ dúdú wé e. Akọ méjì, abo méjì. Ikùn abo yọ, ìlà búlúù ara rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ láàárín. Ti akọ tààrà ni. Ọdún kan àbọ̀ ni mo ti ń wò wọ́n lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyẹn.

Mo fi márùn-ún sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn, kí wọ́n lè rí nǹkan wò. Mo ṣì ń ro ti ilé-ìwòsàn. Ìyẹn gan-an ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Wọ́n yé e! Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn bí olè, mo rí akọ tó ń lé abo kiri láàárín òwú aláwọ̀ ewé tí mo dì mọ́ òkúta, ara wọn ń gbọ̀n. Ẹyin náà kò tóbi ju iyanrìn lọ, èèyàn ń rí òdìkejì rẹ̀. Mo ka ọgọ́ta, ojú mi sì ń ṣe bàìbàì. Mo kó àwọn òbí jáde, mo bo ike náà, mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà wo aago rẹ̀. Mi ò bìkítà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Òwú funfun ti hù lára gbogbo wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ó dà bí ẹni da ìyẹ̀fun sísàlẹ̀ ike.

Mo mọ ohun tó fà á. Omi òjò kò kún ike dé ibi tí mo fẹ́, mo wá bu kọ́ọ̀bù méjì omi ẹ̀rọ sí i. Mo ní kọ́ọ̀bù méjì, kí ni yóò ṣe? Wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n sọ ọ́ ní èdè tí mo gbọ́.

Kì í ṣe Dókítà. Kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni tó ń lu gíláàsì. Èmi ni. Mo fọ ike náà, mo gbá a mọ́ ògiri, ó sán. Ọkọ mi pè mí láti yàrá. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 19

"Káàdì, ṣé ìyá ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀?" Dókítà ló béèrè bẹ́ẹ̀, níwájú èrò. Nọ́ọ̀sì nìkan ni mo sọ fún pé wọ́n ti yé e. Mo pe aláìsàn tó kàn.

Ọjọ́bọ̀, 22

Òjò lọ́sàn-án. Mo ra ike mìíràn. Nọ́ọ̀sì ní kí n má bínú, pé ọ̀rọ̀ ló bọ́ lẹ́nu òun níwájú Dókítà. Mo ní mi ò bínú. Irọ́ ni. Ọdún méje sẹ́yìn ni Bàbá Dókítà ti ní wọn á rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì eyín. Ọmọ rẹ̀ dé, ó ní ta ni yóò máa wá káàdì. Ó lọ gba ọmọbìnrin yìí síṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mi ò sì lè bínú sí i tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27

Abo kejì yé e láàárọ̀. Ọgọ́rin, ó tó bẹ́ẹ̀. Omi òjò nìkan ni mo lò, ó pọ́n bíi tíì tó le. Mo fi aṣọ dúdú bo ike náà ní ìlọ́po méjì, mo ti fèrèsé, mo kọ "Ẹ MÁ ṢÍ I" sára ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 28

Mo gbàgbé pé Ìyá ò ríran kàwé.

Ìyá ọkọ mi ni mò ń wí. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá fèrèsé ilé ìwẹ̀ ní ṣíṣí, aṣọ dúdú lórí okùn, tí oòrùn ti ń sá a. Ike mi wà lójú fèrèsé, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń dán yanran.

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ̀ wọ́n, inú wọn sì dùn. "Ìyàwó, mo bá ẹ fọ ilé ìwẹ̀. Omi tó wà nínú ike yẹn ti dúdú, ó ti ń rùn. Mo dà á nù, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ọgọ́rin ọmọ, wọ́n gba ojú gọ́tà lọ. Mo dúró níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà. Ẹ kú iṣẹ́."

Kí ni èèyàn á tún sọ? Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó tẹ̀ ba láti fọ ike fún mi. Mo wọ yàrá, mo ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí, mo kígbe.

Ọkọ mi dé, mo sọ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i. Mo sọ ohun tó wà ní inú mi fún un, mo tún sọ èyí tí kò sí níbẹ̀. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì kúkú lè máa fi mí fọ ilẹ̀. Ó lọ jókòó síta títí oúnjẹ fi tutù.

Ọjọ́bọ̀, 29

Èmi àti ọkọ mi ò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Láti àárọ̀ ni ọkọ mi ti ń rẹ́ pákó lẹ́yìnkùlé. Mi ò béèrè. Ní ọ̀sán ó gbé àpótí kan wọlé, ó kùn ún ní dúdú nínú lóde, ìdérí rẹ̀ ń wọlé géérégé. Ó gbé ike mi sínú rẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Ó wá kan ìdè mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, lókè, níbi tí ọwọ́ Ìyá kò lè dé.

Kò sọ pé kí n má bínú. Ó ní, "Ìdérí yẹn, má fipá tì í. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ tán."

Mo bu omi ìwẹ̀ fún un.

Ìyá náà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n fi ẹja tó yé e han àwọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí. "Àwọn tínńtín yìí ló ń bímọ? Tí mo sì da ọmọ wọn nù?" Wọn ò jẹun alẹ́ dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Ẹ̀ẹ̀kẹta. Mi ò ka ẹyin náà. Mo kó àwọn òbí jáde, mo dé ìdérí, mo kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo fi bébà pupa wé tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí ìdérí bí ìbú ìka kan. Àwọn kan ti funfun. Àwọn tó kù ti pa. Wọ́n rọ̀ mọ́ ara ike bí ìpéǹpéjú tó já, bí èèyàn bá mí sí wọn wọ́n á gbọ̀n.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 11

Wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́! Mo ka mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹnu wọn kéré débi pé kò sí oúnjẹ tó lè wọ̀ ọ́. Omi ewé jíjẹrà tí mo ti fi sínú ìgò láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń kán sí i, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ọkọ mi ní bí àlejò bá wá, kí n ní òun ló kú.

Ọjọ́ Ajé, 16

Mẹ́tàlá kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Pupa ẹyin adìyẹ ni mo fún wọn, ó ti pọ̀ jù, omi sì bàjẹ́. Ó ku méjìdínlógójì. Mo ń bú ara mi bí mo ti ń fi rọ́bà tínrín fa ìdọ̀tí rẹ̀ jáde lójú kan, ní ìforíbalẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn mí. Lẹ́yìn náà mo lọ síbi iṣẹ́, Dókítà sì ní ojú mi dà bí ti ẹni tó sùn sójú títì.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ìyá ti gbé àga síwájú ilé ìwẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Aládùúgbò wá yá garawa lónìí, wọ́n ní kó rọra sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń sùn. Ó wá bi mí ní kọ̀rọ̀ pé ọmọ ta ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Keje

Ìlà pupa ti yọ lára wọn. Mo rí i nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ẹ́rẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé: gbogbo wọn ṣẹ́rí lẹ́ẹ̀kan náà, pupa náà sì kọ yẹ̀rì. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kù. Wọ́n ń rìn pọ̀ báyìí, bí ọ̀kan bá yà, gbogbo wọn á yà.

Mo pe ọkọ mi, mo pe Ìyá. Àwa mẹ́ta lóòró nínú ilé ìwẹ̀ tí kò gba ẹni méjì.

Ọjọ́rú, 9

Mo ṣi ìwà hù. Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì. Kò tó wákàtí kan, Dókítà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. "Mo gbọ́ pé ẹja wa ti bímọ."

Ẹja wa.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ń bọ̀ wá wo ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ kejìdínlógún. Wọ́n fẹ́ mú ilé-ìwòsàn tó dára jù lọ, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé wọn. Ó fẹ́ kí gíláàsì kún. Kí n kó gbogbo ọmọ ẹja wá. Mo ní wọn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí wọ́n bá rí iná àti èrò báyìí, wọ́n á kú. Ó ní kí n má bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14

Dókítà tún béèrè. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ, bí ẹni ń sọ nípa ojú ọjọ́, pé òun ń rò ó bóyá ilé-ìwòsàn ṣì nílò ẹni tó ń wá káàdì, ní ayé kọ̀ǹpútà tí a wà yìí.

Ọkọ mi ní kí n má kó ọ̀kankan lọ. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wa, èmi ni mò ń san án.

Ọjọ́bọ̀, 17

N óò kó mẹ́wàá lọ. Mo ti ṣa àwọn tó lágbára jù. Mi ò lè kọ ohun tí mo ń rò nípa ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kàn mi.

Mo dé ní aago méje àbọ̀. Dókítà ti gbé iná tuntun sórí gíláàsì, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ìta ilé ìtajà, ó funfun tó fi ń dun ojú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á. Ó ní kí wọ́n wá rí kí nìyẹn? Mo rọra tú àwọn mẹ́wàá sínú omi. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kó sí igun ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn àgbà márùn-ún. Pupa ara wọn ń ṣá lọ lójú mi.

Àwọn àlejò dé ní aago mọ́kànlá, ẹni mẹ́jọ. Màmá àgbàlagbà kan ló ṣáájú wọn, irun orí wọn funfun, ọ̀pá lọ́wọ́. Dókítà mú wọn yí ká, ó mú wọn dé iwájú gíláàsì. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "Èyí gan-an ni mo fi ń gbádùn ara mi. Ẹja tó ṣòro mú bí ni. Èmi fúnra mi ni mo mú wọn bí."

Mo wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú wò mí.

Màmá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ inú omi. Wọ́n ní ọkọ àwọn sin irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, kò bí rí. Wọ́n ní, "Báwo lẹ ṣe ṣe ti ìmọ́lẹ̀?"

Ó ní, "Iná ni kẹ́ ẹ máa tàn sí wọn dáadáa, Mà. Wọ́n fẹ́ràn iná."

Wọ́n wo iná náà. Wọ́n wo igun tí àwọn ẹja dì mọ́. Wọ́n na ara wọn, wọ́n wò yíká yàrá, ojú wọn sì dúró lára mi, torí pé ó dà bí ẹni pé mo ti ń sunkún láìmọ̀. "Ta ló ń bọ́ wọn?"

Mo ní, "Èmi ni, Mà. Ìmọ́lẹ̀ ń pa ẹyin wọn. Inú òkùnkùn ni mo ti mú wọn bí, nílé ìwẹ̀ mi, nínú omi òjò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú rẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní olùrànlọ́wọ́ òun nìyẹn, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Màmá náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́," èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Wọ́n wá ní kí wọ́n lọ wo yàrá tí wọ́n ti ń fa eyín.

Nígbà tí wọ́n lọ, mẹ́ta ti kú. Ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, kò ti ilẹ̀kùn.

"O dójú tì mí níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ mi."

Mo ní ẹja mẹ́ta ti kú láti aago mọ́kànlá.

Ó ní ẹja kọ́ lòun ń sọ.

Mo ní, "Ẹja ni èmi ń sọ. Ṣé o gbọ́? Ẹja ni èmi ń sọ."

"O" yẹn jáde lẹ́nu mi bí eyín tó ti ń mì tipẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ kí abọ́ irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ ni. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ọ́ lọ. Bàbá ẹ tó ni ibí yìí ò pè mí bí ajá rí. O fún mi lẹ́ja wọ̀nyí níwájú èèyàn, o fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n wá bímọ, wọ́n di tìẹ. Mò ń kó ẹja mi lọ."

Ó ní bí mo bá kó wọn lọ, kí n má padà wá. Mo ní mo ti gbọ́. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní, "Dókítà, ẹ fún wọn lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀." Mi ò retí rẹ̀.

Ó tó wákàtí kan kí n tó kó wọn tán, torí pé wọ́n ń sá pamọ́. Mo kọ́kọ́ pa iná yẹn. Àwọn aláìsàn ọ̀sán ń wò mí, tí mo ká apá aṣọ sókè, tí mo ki ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ́nwọ́. Ọmọ kan fẹ́ lu gíláàsì. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, mo gbé garawa lé itan nínú ọkọ̀ títí dé ilé.

Ọ̀kan tún kú lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Ọkọ mi fi gíláàsì àjẹkù ibi iṣẹ́ ṣe àpótí fún àwọn àgbà mẹ́sàn-án, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, a gbé e sí yàrá ìgbàlejò. Ó ń jò ní igun kan. Ó tún un ṣe. Ó ṣì ń jò. Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀, àfi pé ó ra ìrẹsì púpọ̀ ju bó ṣe máa ń rà lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Dókítà pè mí lórí fóònù. Bàbá kan wà níwájú rẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ wú, wọn ò rí káàdì rẹ̀. Ó fẹ́ mọ oògùn tí kì í bá bàbá náà lára mu. Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀. Mo wá rántí bàbá náà, ó máa ń kí èmi kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Mo ní dúróà kẹta, lẹ́yìn àwọn aláwọ̀ ewé, ó ní àmì pupa lókè.

Mo gbọ́ tó ń fà á yọ. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀. Kò sọ pé ó ṣeun, kò sọ pé ó dàbọ̀. Mo fi gbogbo ọ̀sán bínú sí ara mi pé mo dáhùn, mo sì mọ̀ pé bó bá tún pè nítorí bàbá yẹn, n óò dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 24

Mo lọ béèrè iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn ojú tó wà nítòsí ọjà. Wọ́n ní kí ló mú mi kúrò níbi tí mo wà. Mo ní ẹja ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á pè mí.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Ọgbọ̀n ọmọ ẹja, kò sí èyí tó kú láti ọjọ́ kejìdínlógún.

Láàárọ̀ yìí mo jáde sí yàrá ìgbàlejò láti wo bóyá igun yẹn ṣì ń jò. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, oòrùn ń wọlé, rédíò Ìyá ń pariwo. Àwọn àgbà mẹ́sàn-án ń yé ẹyin. Nínú omi ẹ̀rọ. Nínú ìmọ́lẹ̀ gbangba. Kò sí òwú, kò sí ewé, kò sí aṣọ dúdú. Wọ́n ń yé e, wọ́n ń yí padà, wọ́n ń jẹ ẹ́ bó ti ń já bọ́, wọ́n tún ń gbọ̀n fún ìdùnnú.

Mo dúró síwájú gíláàsì náà, mo sì bú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan tó tóbi jù. Mo bú ojú wọn, mo bú ìrù wọn, mo bú omi tí mo fi orí rù nínú òjò, mo bú ilé ìwẹ̀, mo bú gbogbo ẹni tó bá jẹ ohun tí òun kò ṣiṣẹ́ fún. Ìyá dín ohùn rédíò kù kí wọ́n lè gbọ́ mi dáadáa.

Ọkọ mi pè láti yàrá pé ta ni mò ń bá jà láàárọ̀ kùtù.

Mo ní ẹja ni.

Ó ní, "Ṣé wọ́n dá ẹ lóhùn?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀."